Bárò wo ló lè la òkúta Dungeness kọjá? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí gbígbé ẹrù ìpẹja

Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹrù ìpẹja tó wọn kílò 59, bárò ẹlẹ́sẹ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ wọn kílò 13, àti òkúta wẹ́wẹ́ tó tẹ́ lọ ní nǹkan bíi mítà 250 láti ẹ̀gbẹ́ títì dé etí omi. Ẹni tó ni ẹrù náà ni bàbá ẹni ọdún 61 kan tó ń gbé ní Chatham, ní agbègbè Kent ní Ìlú Ọba. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ti bárò yìí lọ sí adágún tí wọ́n ti ń pẹja carp, kò sì sí wàhálà kankan, nítorí koríko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọingbọin ni ọ̀nà ibẹ̀. Dungeness, etí òkun olókùúta kan ní Kent, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù ni, wọ́n ń wá ẹja òkun bíi cod àti whiting. Wọn ò tíì rìn ju nǹkan bíi mítà 20 lọ tí táyà iwájú fi rì dé ìdajì, tí bárò sì dà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n tú ẹrù náà sí mẹ́ta, wọ́n ń fi èjìká rù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n sì fi máa délé, èjìká òsì tó ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ ò ṣeé gbé mọ́.

Ìbéèrè wọn ni pé, "Bárò wo ni kí n rà?" Orúkọ ọjà kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dáhùn irú ìbéèrè yìí, tàbí kí wọ́n tọ́ka sí iye kílò tí wọ́n kọ sára páálí pé ó lè gbé. Iye kílò orí páálí kò sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀. Bárò tí férémù rẹ̀ lè gbé kílò 150 lórí kọnkéré lè má lè gbé 40 lórí òkúta wẹ́wẹ́, torí kì í ṣe férémù ló kọ́kọ́ ń jáni kulẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ táyà ni. Nítorí náà, ilẹ̀ la ó kọ́kọ́ sọ, ká tó sọ irin.

Dungeness jẹ́ ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun ní gúúsù Kent, òkúta wẹ́wẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lára èyí tó fẹ̀ jù ní Yúróòpù. Òkúta ibẹ̀ ti yí mọ́ra wọn títí wọ́n fi di róbótó, kò sí iyanrìn tàbí amọ̀ láàárín wọn tó lè dì wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan, yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Omi jìn nítòsí etíkun níbẹ̀, kò pọn dandan kéèyàn ju òjé tí wọ́n so mọ́ okùn ìwọ̀ jìnnà kó tó bá ẹja, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń fara da ìrìn náà. Àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta yìí: pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà wọn. Nígbà tó sì kan ẹja tí wọ́n kó bọ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n to irin ojú ọ̀nà tóóró sórí òkúta, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ dé títì. Àwọn irin náà ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dípẹtà. Ẹ wo ọgbọ́n méjèèjì dáadáa: ọ̀kan tan ìwúwo ká kó má bàa rì, èkejì gbé ìwúwo kúrò lórí òkúta pátápátá. Kò sí ọgbọ́n kẹta. Bárò yòówù tí wọ́n bá polówó, ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nípa ilẹ̀ náà tó kan ẹni tó fẹ́ ra bárò. Ilẹ̀ tí ìjọba dá àbò bò ni Dungeness, ewéko bíi kéèlì etí òkun ń hù láàárín òkúta, ojú ibi tí táyà bá sì gbà kọjá kì í tètè parẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wa mọ́tò gorí òkúta. Bárò náà gbọ́dọ̀ gba ibi tí ẹsẹ̀ ti là sílẹ̀, kódà bí ibẹ̀ bá jìn sí i. Mítà 250 tí a kọ sókè yìí, ti ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, wọ́n kó ẹrù lé ìwọ̀n. Ìwọ̀n báàgì ìrìn-àjò tó bá gbé tó kílò 50 ti tó, ìyẹn èyí tó ń fi ara kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ọ̀pọ̀ ilé ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba. Àpótí ìjókòó pẹ̀lú ríìlì, irinṣẹ́ àti òjé 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 150 wọn kílò 17. Ọ̀pá méjì àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé jẹ́ 6. Àgọ́ kékeré tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, 6. Kúlà tí ìjẹ àti yìnyín wà nínú rẹ̀, 9. Omi lítà 5, fíláàsì àti oúnjẹ, 8. Àga tó ń ká, 4. Báàgì aṣọ, 6. Bátìrì àti iná rẹ̀, 3.

Ibi tí èrè ti kọ́kọ́ wá nìyí, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Àga kúrò, torí àpótí tí wọ́n ń gbé lọ náà ni ìjókòó. Omi di lítà 2. Òjé di 8: ẹni tó bá já òjé 8 kù ní alẹ́ kan, ọ̀nà tó ń gbà ju ìwọ̀ ló yẹ kó tún ṣe, kì í ṣe iye òjé. Bátìrì ńlá kúrò, iná orí rọ́pò rẹ̀. Ẹrù já wálẹ̀ sí kílò 48. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, kílò 11 tí ẹ yọ kúrò wúlò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín bárò olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi lọ, torí bí táyà bá ṣe ń rì sí i ni fífà rẹ̀ ń le sí i, ó sì máa ń le ju iye ìwúwo tó lé sórí rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí bárò àtijọ́ fi rì? Ohun mẹ́ta ló pa pọ̀, ó sì dára ká wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tó fi méjì sílẹ̀ yóò padà wá ra òmíràn.

Àkọ́kọ́ ni ojú tí táyà fi kan ilẹ̀. Táyà bárò náà jẹ́ oníròbà tó ní túùbù, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ sẹ̀ńtímítà 26, wọ́n sì fún un ní afẹ́fẹ́ dé psi 30 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí agbára afẹ́fẹ́ inú táyà bá ṣe tó ni táyà náà ń fi agbára tẹ ilẹ̀, ìyàtọ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwúwo tó wà lórí táyà yìí jẹ́ kílò 42. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ojú tó fi kan ilẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà 5 ní ìbú 4, bí ojú páálí ìṣáná. Ìwúwo kílò 42 lórí páálí ìṣáná kan, lórí òkúta tí kò dì mọ́ra: kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ju pé kó rì.

Èkejì ni ibi tí ìwúwo jókòó sí. Bárò ẹlẹ́sẹ̀ kan ń pín ẹrù láàárín táyà iwájú àti ọwọ́ ẹni tó ń tì í. Nínú bárò yìí, àárín ìwúwo wà ní sẹ̀ńtímítà 58 sẹ́yìn irin ìdí táyà, ìyẹn irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú sì wà ní 140. Ẹ sọ kílò 72, ìyẹn ẹrù àti bárò, di ìlọ́po 58, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 140: kílò 30 ni ọwọ́ ń gbé ní gbogbo ìgbésẹ̀. Lórí koríko, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni. Lórí òkúta tó ń yẹ̀ lábẹ́ bàtà, kílò 30 tó rọ̀ mọ́ ọwọ́ ló ń ti ẹsẹ̀ ẹni náà fúnra rẹ̀ rì, òun ló sì ṣe èjìká wọn bó ṣe ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àárín ìwúwo bárò tiyín wà, ẹ dì í bí ẹ ṣe ń dì í lọ sí odò, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ gun páìpù róbótó kan tí ẹ fi dábùú abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa sún un títí yóò fi dọ́gba lórí páìpù náà.

Ẹ̀kẹta ni pé títì ni wọ́n ń tì í. Ọwọ́ ga ju irin ìdí táyà lọ, nítorí náà agbára tí ẹ fi ń ti bárò ń lọ síwájú, apá kan rẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀, ó ń tẹ táyà wọnú òkúta. Bí ẹ bá yí i padà tí ẹ ń fà á, apá kan agbára yẹn ń gbé táyà sókè. Lórí kọnkéré, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Lórí òkúta àti iyanrìn, òun ló ń pinnu bóyá ẹ máa débẹ̀.

Nígbà tí táyà bá sì ti rì, ìtóbi rẹ̀ ló kù tó lè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé òkúta tó wà níwájú táyà ga ní sẹ̀ńtímítà 5, tí kò sì yẹ̀. Táyà tó ga ní 26, tí kílò 42 wà lórí rẹ̀, yóò gba agbára tó tó kílò 54 kó tó lè gùn ún. Táyà tó ga ní 40 yóò gba 37. Ẹrù kan náà ni, òkúta kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn táyà kéékèèké tó rẹwà lábẹ́ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìpẹja olówó ńlá fi jẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ lásán nígbà tí wọ́n bá dé etí òkun olókùúta.

Ohun tí bàbá kọ́kọ́ gbìyànjú kí wọ́n tó béèrè ni pé wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé nǹkan bíi psi 10. Èrò náà bọ́ sí i, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà oníròbà tó ní túùbù kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré báyẹn lábẹ́ ẹrù. Rọ́bà ìta ń yọ̀ lórí rímù, ó ń fa túùbù lọ, ẹnu tí wọ́n ń gbà fún un ní afẹ́fẹ́ kò sì lè tẹ̀ lé e torí ó wà nínú ihò rímù. Ìdí ẹnu náà ló máa ń ya. Tiwọn ya níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì ṣeé lẹ̀, nítorí ìdí ẹnu ni ibi tí fọganáísà pàápàá kì í fẹ́ fọwọ́ kàn.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Yíyí táyà iwájú bárò àtijọ́ padà sí èyí tó fẹ̀ ló dà bíi pé ó rọrùn jù, ṣùgbọ́n àlàfo àmúga tó di táyà mú kò ju sẹ̀ńtímítà 11 lọ, kílò 30 orí ọwọ́ ò sì ní kúrò níbì kankan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń ká, èyí tí wọ́n ń tà fún ọgbà àti ìjáde ẹbí, ló dára jù lórí afárá ìpẹja onípákó àti ojú ọ̀nà olódà, ẹ kò ní fi ọwọ́ gbé ohunkóhun. Lórí òkúta, táyà kéékèèké mẹ́rin ń gbẹ́ kòtò mẹ́rin, àwọn méjì iwájú tó ń yí sì máa ń dábùú nígbà tí ẹ bá fà á. Wọn ò fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àwo rọ́bà tí wọ́n ń fi okùn wọ́ nílẹ̀. Má fi ojú kéré rẹ̀: lórí ẹrẹ̀ etí òkun, níbi tí gbogbo táyà ti ń di amọ̀, kò sí ohun tó lù ú. Ṣùgbọ́n lórí òkúta, bó ṣe ń yọ̀ wálẹ̀ sí etí omi kì í ṣe bó ṣe máa ń gòkè padà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń họ.

Ẹ̀kẹrin ni wọ́n mú: ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń lo táyà bàlúùnù, ìyẹn táyà fífẹ̀, rírọ̀, tí kò ní túùbù, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ju psi 2 sí 4 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé táyà méjì yìí nìkan lè gbówó lórí ju férémù lọ. Ibi tó yẹ kí owó lọ nìyẹn. Férémù lè jẹ́ ti àlùmíníọ̀mù lásán, kódà ẹni tó mọ iṣẹ́ wẹ́dà lè jó o fúnra rẹ̀. Eléyìí fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 45, ó gùn ní 90, táyà kọ̀ọ̀kan ga ní 40 láti ilẹ̀ dé òkè, ó sì nípọn ní 20. Férémù àti táyà lápapọ̀ jẹ́ kílò 9.

Pẹ̀lú ẹrù 48, gbogbo rẹ̀ di kílò 57. Ní psi 3, ojú tí táyà kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ di nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 15 ní ìbú 8, ìlọ́po mẹ́fà ti bárò àtijọ́ lórí táyà kan, méjìlá lórí méjèèjì. Agbára tó fi ń tẹ òkúta kò tó èyí tí bàtà ẹni tó ń fà á fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ń rì ju táyà lọ, iṣẹ́ táyà ti parí. Ohun tó kù di ti ẹni tó ń fà á.

Ibi tí irin ìdí táyà wà lábẹ́ férémù ló gba ìrònú jù. Ẹni tó bá ti wo bí ọlọ́mọlanke ṣe ń to ẹrù lọ́jà Mile 12 mọ ọgbọ́n yìí láìjẹ́ pé ó gbé ìwé ìṣirò: kì í to ẹrù kó dọ́gba ṣánṣán lórí táyà, ó máa ń jẹ́ kí apá ọwọ́ wúwo díẹ̀ sí i, á sì gbé e wò kó tó gbéra. Bí ẹ bá fi àárín ìwúwo sí orí irin náà gẹ́lẹ́, ọwọ́ kò ní gbé nǹkankan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì máa ń wu ẹni tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá fà á gòkè. Àárín ìwúwo ẹrù ìpẹja máa ń ga ju irin ìdí táyà lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 30. Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ tó tó dìgírì 15, gíga yẹn ń mú kí ìwúwo sún sẹ́yìn ní sẹ̀ńtímítà 8. Bí ẹ bá ti fi 8 péré síwájú, ọwọ́ ọmọlanke di òfìfo ní àárín òkè, ó fẹ́ gbéra sókè, àpótí sì ń wá ọ̀nà àtidà sẹ́yìn. Wọ́n fi 14 síwájú. Lórí títẹ́jú, ọwọ́ ń gbé nǹkan bíi kílò 6. Lórí òkè, ó ṣẹ́kù bíi 2 àti ààbọ̀, tó sì tó láti mú un dúró.

Ẹ lè ṣe àyẹ̀wò yìí nílé. Ẹ di ẹrù tán, kí ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ sórí àga, kí ẹ gbé ọwọ́ ọmọlanke lé e ní gíga tí ẹ máa fi fà á. Bí ó bá ka 5 sí 7, ó dára. Bí ó bá kéré sí 4, ẹ sún kúlà síwájú. Bí ó bá ju 10 lọ, ẹ sún un sẹ́yìn. Kò sí ìdí láti yí irin kankan.

Bí wọ́n ṣe ń dì í nìyí. Àpótí ìjókòó ni ó kọ́kọ́ wọlé, ó jókòó lórí irin ìdí táyà, ó sì fi díẹ̀ sún síwájú. Òjé wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, kì í ṣe nínú àpò ẹ̀gbẹ́, torí kílò kan tó wà lókè ń da ọmọlanke ju kílò mẹ́ta ìsàlẹ̀ lọ. Kúlà tẹ̀ lé e ní iwájú. Báàgì aṣọ wà lẹ́yìn nítorí ó fúyẹ́. Ọ̀pá àti àgọ́ sùn gbọọrọ lórí gbogbo rẹ̀, orí ọ̀pá kọjú sẹ́yìn, kó má bàa gún ẹni tó ń fà á nígbà tó bá dúró lójijì. Okùn tó ní ìdè irin ni wọ́n fi dì í, méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Okùn rọ́bà tó ní ìkọ́ ò dára fún iṣẹ́ yìí: ó ń fà gùn nígbà tí ẹrù bá mì, ẹrù á sì máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n ọwọ́ tí ẹ ti ṣètò nílé yóò fi bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Dungeness, wọ́n fi ìwọ̀n báàgì kan náà fa méjèèjì pẹ̀lú ẹrù kílò 48 lórí títẹ́jú. Bárò àtijọ́, tí wọ́n ti lẹ túùbù tuntun sí, gba kílò 22 láti fà, ọwọ́ sì tún ń gbé 25 lọ́tọ̀. Ọmọlanke gba 12, ọwọ́ ń gbé 6. Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ọmọlanke di 26. Iye yẹn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ àti èjìká tó ti ní ìpalára lè fà, nítorí náà wọ́n fi bẹ́líìtì ìbàdí kún un: okùn méjì láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì wá sí ọwọ́ ọmọlanke, kí itan máa ṣe iṣẹ́ tí èjìká ń ṣe. Ìdè bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìka kan lè tú. Ẹ má ṣe de ara yín mọ́ ọn nítòsí omi láéláé. Òkun Dungeness jìn lójú ẹsẹ̀, ìgbì tó ń padà sẹ́yìn lágbára, ọmọlanke tó bá sì yí wọnú omi yóò léfòó lórí táyà rẹ̀, á máa lọ.

Òkè òkúta tí ìjì kó jọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gùn tààrà. Ẹ gbà á ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, sí ọ̀tún, sí òsì, kí ẹ sì dúró níbi tó bá tẹ́jú. Ibi kan wà tí ìdàgẹ̀rẹ̀ kúkú gbà ju dìgírì 15 lọ lẹ́yìn ìjì. Níbẹ̀, ẹ sọ kúlà kalẹ̀, kí ẹ padà wá gbé e. Kò sí ọmọlanke tí wọ́n lè tà fún yín tó máa yí ìyẹn padà.

Ó tún kù díẹ̀ tó bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, táyà òsì há, kò yí mọ́. Àlàfo láàárín táyà àti férémù kò ju sẹ̀ńtímítà kan lọ, òkúta wẹ́wẹ́ sì bọ́ síbẹ̀. Wọ́n fi wọ́ṣà nílọ́nù kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí àlàfo náà fi di 3, tó ju òkúta ibẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ. Ìyẹn mú kí ọmọlanke fẹ̀ sí i dé 91, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ni wọ́n bá fi pínì tó ń yára yọ rọ́pò nọ́ọ̀tì kí táyà lè máa bọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń rà á tuntun lè wo àlàfo yìí kó tó sanwó: bí àtàǹpàkò yín kò bá wọ ibẹ̀, òkúta ni yóò wọ ibẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà gba àkíyèsí. Géèjì mọ́tò kò lè ka psi 3 dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí òdo. Géèjì tó wà fún agbára kékeré ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: tó bá wọlé ní sẹ̀ńtímítà kan láìsí wàhálà, ó ti tó. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ìkọ̀ afẹ́fẹ́ ilé epo, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti lè fẹ́ ẹ kọjá ààlà. Psi 3 tí ẹ fi sí i ní òwúrọ̀ tútù, dìgírì 8, lè sún mọ́ 4 àti ààbọ̀ bí mọ́tò tó wà nínú oòrùn bá gbóná dé 30. Nítorí náà etí òkun ni kí ẹ ti fún un ní afẹ́fẹ́, kì í ṣe ilé. Ìwọ̀ ló ń lu táyà yìí jù, òkúta kì í lù ú. Gbogbo ìwọ̀ gbọ́dọ̀ wọ páálí kí ọmọlanke tó gbéra. Bí ó bá sì lu, ẹ rántí pé ike rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn: àlẹ̀mọ́ rọ́bà àti gọ́ọ̀mù fọganáísà kò ní mú un. Àlẹ̀mọ́ tirẹ̀ ni kí ẹ rà pẹ̀lú táyà, lọ́jọ́ kan náà.

Iyọ̀ ló ń jẹ ìyókù. Irin lásán nínú páìpù àlùmíníọ̀mù tí omi òkun ti kàn máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn títí pínì kò fi ní yọ mọ́, àlùmíníọ̀mù ló sì ń jẹrà. Irin aláìdípẹtà, pẹ̀lú gírísì ọkọ̀ ojú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ló yẹ ibẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ríǹ ò sí nínú táyà tí wọ́n rà, búṣì nílọ́nù ni, bàbá sì ń ṣàníyàn pé ẹ̀dín owó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìyára ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, nílọ́nù ṣe iṣẹ́ bẹ́ríǹ, kò sì ní ohun tí iyọ̀ lè jẹ. Tí ẹ bá délé, omi ẹ̀rọ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ yọ táyà, kí ẹ nu irin ìdí rẹ̀, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí yàrá.

Tó bá jẹ́ pé adágún carp nìkan ni bàbá ń lọ, a ò ní ní kí wọ́n pààrọ̀ bárò àtijọ́. Ọ̀nà tóóró láàárín igi, tí táyà méjì tó fẹ̀ ní 91 kò lè gbà, bárò ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ni ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n gbé ohun tó wúwo sún mọ́ táyà: bí àárín ìwúwo bá kúrò ní 58 wá sí 40, ọwọ́ yóò gbé 17 dípò 25 pẹ̀lú ẹrù 48. Ẹni tó sì ń lọ sí iyanrìn tútù tó le, níbi tí òkun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò, kò nílò táyà bàlúùnù, táyà kẹ̀kẹ́ lásán tó ga máa ń yí níbẹ̀ dáadáa. Iyanrìn gbígbẹ lókè rẹ̀ ló ń béèrè bàlúùnù, ibẹ̀ náà ni ẹ máa gbà padà lọ sí mọ́tò ní alẹ́ pẹ̀lú ẹja nínú kúlà, nítorí náà ibi tó burú jù lójú ọ̀nà yẹn ni kí ẹ fi ra ọmọlanke, kì í ṣe ibi tó gùn jù.